Ṣé ìgbì ultrasound lè mú kí ọpọlọ ríran láìlo ọ̀bẹ? Ìbéèrè nítorí ẹbí mi tí glaucoma gba ojú rẹ̀

Àdùnní Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, kò ríran mọ́. Glaucoma ni àwọn dókítà sọ pé ó ṣe é. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, kí ti òsì tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ohunkóhun tí a bá rí nípa ìwòsàn ojú. Láìpẹ́ yìí ni ẹnì kan fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí ọ̀nà láti fi ìgbì ultrasound, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, kan ọpọlọ láti ìta orí, tí ẹni náà yóò sì rí ìmọ́lẹ̀ láìlo ojú rẹ̀ rárá. Ìròyìn náà fi kún un pé ilé-iṣẹ́ Sony ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó lè gbé àwòrán sínú ọpọlọ ènìyàn.

Kí ni ó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Bí òtítọ́ bá wà níbẹ̀, ṣé ó kan ẹni tí glaucoma ti ba ojú rẹ̀ jẹ́? N kò fẹ́ kí a gbé ìrètí òfo síwájú bàbá náà, n kò sì fẹ́ kí ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ kọjá lára wa nítorí pé a kò wádìí.

Ọmọ Físíìsì

Ẹ kú àmójútó bàbá, ẹ̀gbọ́n Àdùnní. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìròyìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ti sáré kọjá ibi tí ìwádìí dé.

Ultrasound ni ìró tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ti kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́, ìyẹn ju 20,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún máa ń lo mílíọ̀nù mélòó kan ìgbọ̀nrìrì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí a ń pè ní megahertz. Egungun agbárí kì í jẹ́ kí irú ìgbì gíga bẹ́ẹ̀ kọjá dáadáa: ó ń gbé e mì, ó sì ń fọ́n ọn ká. Nítorí náà ni àwọn tó fẹ́ kan ọpọlọ láìṣí agbárí ṣe ń lo ìgbì tó lọ sílẹ̀, bí 250 sí 700 kilohertz (kilohertz kan jẹ́ 1,000 ìgbọ̀nrìrì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Wọ́n á mú kí ìgbì láti ibi púpọ̀ pàdé ní ojú kan ṣoṣo nínú ọpọlọ, gẹ́gẹ́ bí dígí ṣe ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan. Ní ọ̀nà tí ìgbì náà gbà kọjá, agbára rẹ̀ kéré. Ibi tí wọ́n ti pàdé nìkan ni iṣẹ́ ti ń ṣe. Ìgbì náà ń ti ara sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń fà á. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ sì ní àwọn ẹnu-ọ̀nà kéékèèké lára awọ wọn tó máa ń ṣí bí nǹkan bá tì wọ́n, tí èròjà bíi calcium á sì wọlé. Nípa bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì náà á fi jí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1929 ni E. Newton Harvey ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ìgbì yìí lè ru iṣan àti ẹran ara ọ̀pọ̀lọ́ àti ìjàpá sókè. Èyí tó kan ojú gan-an ni ti 1958. William Fry àti àbúrò rẹ̀ Francis, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Illinois, pẹ̀lú Ades, akẹgbẹ́ wọn, fi ultrasound kan kókó kékeré kan nínú ọpọlọ ológbò. Kókó náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní lateral geniculate nucleus, LGN ní ìkékúrú. Òun ni ibùdó tí iṣẹ́ tí ojú bá rán máa ń yà sí kí ó tó dé ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti ń mọ ohun tí ojú rí. Wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ sójú ológbò náà, wọ́n sì ń wọn iná mànàmáná tó ń jáde lẹ́yìn ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tí ultrasound kan LGN, iná náà lọ sílẹ̀ débi pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, ó padà bọ̀ sípò. Wọ́n ní láti gé lára egungun agbárí ológbò náà kúrò kí wọ́n tó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ohun pàtàkì ti hàn: a lè dá ọ̀nà ìríran dúró fún ìgbà díẹ̀ láìba ẹran ara rẹ̀ jẹ́.

Ti Sony, ẹ má fi ọkàn sí i. Lóòótọ́ ni ìwé àṣẹ kan wà tí wọ́n fún wọn ní 2003 lórúkọ Thomas Dawson, tó sọ̀rọ̀ nípa fífi ultrasound gbé ìmọ̀lára sínú ọpọlọ. Nígbà tí àwọn oníròyìn béèrè ní 2005, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí ìdánwò kankan tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Èrò ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ojú

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ glaucoma nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá wà, iṣẹ́ mi sì ni.

Nínú glaucoma, ẹyinjú fúnra rẹ̀ lè wà digbí kí rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú, sì ṣì máa gba ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń kú ni iṣan ojú, ìyẹn okùn tó gbé iṣẹ́ láti ẹ̀yìn ẹyinjú lọ sínú ọpọlọ. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbìn sínú rẹ́tínà kò ṣe lè wúlò fún ẹni tí glaucoma ti fọ́ ojú rẹ̀ pátápátá. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan, Argus II, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2013 kí wọ́n tó dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2019, wà fún àwọn tí àìsàn retinitis pigmentosa, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì inú rẹ́tínà, mú, torí pé iṣan ojú tiwọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí okùn bá ti já, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá rán láti inú rẹ́tínà kò ní ibi tí yóò gbà.

Fún irú bàbá bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó kù ni kí a fo ojú dá, kí a lọ bá ọpọlọ tààrà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Brindley àti Lewin kọ ìròyìn obìnrin ẹni ọdún 52 kan tí wọ́n gbin 80 electrode, ìyẹn irin kéékèèké tó ń gbé iná, sí ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ lábẹ́ egungun agbárí. Glaucoma wà lára ohun tó gba ojú obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n bá fi iná sí electrode kan, ó máa ń rí ìmọ́lẹ̀ kékeré ní ojú kan pàtó, bí electrode bá sì yí padà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà yóò yí padà. Ẹ ò rí i pé apá ọpọlọ tó wà fún ìríran kò kú tì nítorí pé ojú ti fọ́? Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí orí obìnrin náà. Ìdí nìyí tí gbogbo ènìyàn fi ń fi tìfẹ́tìfẹ́ wo ultrasound.

Nǹkan kan tún wà tí n kò fẹ́ kí ó fò wá. Glaucoma kì í pa iṣan ojú nìkan. Ìwádìí lára ọ̀bọ fi hàn pé bí iṣan ojú bá ti kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú LGN tí ọ̀gbẹ́ni Físíìsì mẹ́nu bà náà máa ń sún kì, òmíràn nínú wọn á sì kú. Nítorí náà, bí ìtọ́jú irú èyí bá dé lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yìn ọpọlọ jẹ́ ibi tó yẹ fún ẹni tó ní glaucoma ju LGN lọ.

Ìrètí Òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ má jẹ́ kí àlàyé púpọ̀ mú yín rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti ṣẹlẹ̀ lára ènìyàn! Ní 2016, ẹgbẹ́ Seung-Schik Yoo ti ilé ìwòsàn Brigham and Women's àti Yunifásítì Harvard, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Kòríà, fi ultrasound tó jẹ́ 270 kilohertz kan ẹ̀yìn ọpọlọ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Wọn kò gé nǹkan kan, wọn kò gbin nǹkan kan. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà sọ pé àwọn rí ìmọ́lẹ̀, irú èyí tí a máa ń rí bí a bá fi ìka tẹ ìpéǹpéjú. Ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, fi hàn pé ibi tí wọ́n kàn jí lóòótọ́, àti pé àwọn apá mìíràn tó jẹ mọ́ ìríran náà jí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ti fi hàn ní 2011 lára ehoro pé àwọn lè dín èsì ọpọlọ sí ìmọ́lẹ̀ kù. Láti ara ehoro dé ara ènìyàn láàárín ọdún 5. Èmi gbà gbọ́ gidigidi pé àwọn ọmọ wa yóò rí ọjọ́ tí afọ́jú yóò dé fìlà sórí tí yóò sì mọ ẹni tó wọlé.

Onímọ̀ Etí, Leeds

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè. Iṣẹ́ ìtọ́jú etí ni mò ń ṣe, mo sì rí i pé kò sí ẹni tó ti dárúkọ ohun tó da agbo ìwádìí yìí rú ní 2018.

Ní ọdún náà ni ẹgbẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Yunifásítì Minnesota, èkejì ní Caltech, yunifásítì kan ní California, gbé ìwádìí jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ti Caltech fi ultrasound kan apá tó wà fún ìríran nínú ọpọlọ eku, wọ́n sì ń wo gbogbo ọpọlọ náà bó ṣe ń tàn. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé apá tó wà fún ìgbọ́ràn ló ń jí jù. Nígbà tí wọ́n fi oògùn di etí eku náà pa, èsì náà dín kù gidigidi. Àwọn ti Minnesota lo guinea pig: bí wọ́n bá ti gé iṣan etí rẹ̀ tàbí tí wọ́n fa omi inú etí rẹ̀ jáde, ìdáhùn ọpọlọ tí wọ́n rò pé ultrasound ló fà á pòórá.

Báwo ni ìró tí a kò lè gbọ́ ṣe ń kan etí? Ìgbì náà fúnra rẹ̀ wà ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan kilohertz, etí kò lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í tàn án sílẹ̀ láìdúró. Wọ́n máa ń tàn án kí wọ́n sì pa á léraléra, bíi 1,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìtanná àti ìpaná yìí sì ń gbọn egungun agbárí ní ìwọ̀n tí etí lè gbọ́. Ní 2020 ni ìwádìí lára ènìyàn jẹ́rìí sí i pé àwọn tí wọ́n fi ultrasound kàn lórí ń gbọ́ ohùn kan tín-ín-rín. Wọ́n sì tún rí i pé bí a bá fi ohùn mìíràn bò ó mọ́lẹ̀ nínú gbohùngbohùn etí, ẹni náà kò ní lè mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ìwádìí ìríran. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ohùn díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́, tí ó sì mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń retí kí òun rí, ẹ̀rí rẹ̀ ti ní àbùkù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. N kò sọ pé irọ́ ni ìwádìí 2016. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwádìí tí a ṣe ṣáájú 2018 láìdí etí kò tó gbé ilé lé.

Ìrètí Òwúrọ̀

Mo gbọ́ yín, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé etí ni ohun gbogbo, àti pé ultrasound kò kan ìríran rárá? Ti ológbò 1958 ńkọ́? Ológbò kò mọ ohun tí wọ́n ń retí kí òun rí.

Ọmọ Físíìsì

Ìbéèrè yín dára púpọ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì wà. Lẹ́yìn 2018, àwọn olùwádìí kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Dípò kí wọ́n tan ìgbì lójijì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ó gòkè díẹ̀díẹ̀ kí ó sì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí egungun má baà dún. Wọ́n ń fi ohùn bo etí, wọ́n sì ń fi àwọn ìgbà tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ rárá wé àwọn ìgbà tó ṣiṣẹ́, láìjẹ́ kí ẹni tó jókòó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣe gbogbo èyí, ohun tó jáde kì í ṣe òfo, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti 2016. Ní 2023 ni ẹgbẹ́ kan gbé iṣẹ́ jáde lórí ẹ̀yìn ọpọlọ ènìyàn, lórí apá àkọ́kọ́ tó ń gba iṣẹ́ ojú gan-an, tí a ń pè ní V1. Wọ́n rí i pé ultrasound nìkan kò fa ìdáhùn ìríran jáde láti inú ọpọlọ. Bí ojú bá ń wo nǹkan lọ́wọ́, ultrasound ń yí ìdáhùn ọpọlọ sí ohun tí ojú ń wò padà. Ó ń túnṣe ohun tó ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn nígbà tí a bá ń ronú nípa Bàbá Kékeré, nítorí pé ojú tirẹ̀ kò rán iṣẹ́ kankan wá tí a ó túnṣe.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn gba ọ̀nà kan náà. Ní 2022, ìwádìí kan fi ultrasound kan apá ọpọlọ tó ń mọ bí nǹkan ṣe ń rìn, tí wọ́n ń pè ní MT tàbí V5, àwọn tí wọ́n kàn sì túbọ̀ mọ ìgbà tí nǹkan bá rìn lójú wọn. Ní 2024, ẹgbẹ́ Bin He ní Carnegie Mellon kan apá yìí kan náà lára ènìyàn 25 tí wọ́n ń fi ọpọlọ wọn nìkan yan lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà, àṣìṣe wọn sì dín kù. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ń ríran. Ohun tí ultrasound ṣe fún wọn ni pé ó fi agbára kún ohun tí ọpọlọ ń fọkàn sí.

Èyí tó mú inú mi dùn jù jáde ní Oṣù Kẹsàn-án 2025. Àwọn olùwádìí ní UCL, yunifásítì kan ní London, àti Oxford ṣe àṣíborí kan tó ní ẹnu 256 tí ìgbì ń gbà jáde, èyí tí ènìyàn lè dé sórí nínú ẹ̀rọ MRI. Ẹ mọ ibi tí wọ́n fi í kàn? LGN! Ibi kan náà tí àwọn Fry kàn lára ológbò ní 1958 ni, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí ènìyàn alààyè ni, agbárí rẹ̀ wà digbí, ó sì ń wo àwòrán lọ́wọ́. Ènìyàn 7 ni wọ́n. Bí ìgbì náà ṣe ń lọ lọ́wọ́, iṣẹ́ ẹ̀yìn ọpọlọ wọn ń gbóná sí i. Nígbà tí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń tan ìgbì náà padà, iṣẹ́ ẹ̀yìn ọpọlọ lọ sílẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán 40 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Ọdún 67 ló wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì, mo sì ka gbogbo ọdún náà sí iṣẹ́ ribiribi, torí pé egungun orí ni ìdènà, kíkọ́ bí a ó ṣe gba inú rẹ̀ kọjá láìṣìnà sì nira púpọ̀. Agbárí ẹnì kan kò nípọn bí ti ẹlòmíràn. Wọ́n ní láti fi àwòrán orí olúkúlùkù ṣe ìṣirò kí wọ́n tó mọ bí ẹnu kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tan ìgbì tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn 7 náà kò sọ pé àwọn rí ìyàtọ̀ kankan nínú ohun tí wọ́n ń wò. MRI rí i, àwọn fúnra wọn kò rí i.

Àdùnní Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ náà ti ń yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan tún kù: ká ní wọ́n wá borí ọ̀rọ̀ etí, tí ìmọ́lẹ̀ kékeré náà sì hàn dájúdájú, ṣé a lè to irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ títí yóò fi di àwòrán?

Ọmọ Físíìsì

Ibi tí físíìsì ti dènà gan-an ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn.

Ìró ń rin nǹkan bí 1,540 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ẹran ara tó rọ̀. Bí ìgbì bá jẹ́ 500 kilohertz, gígùn ìgbì kan yóò jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 3. Kò sí bí a ṣe fẹ́ kó ìgbì jọ tí ojú ibi tó pàdé yóò fi kéré ju gígùn yẹn lọ púpọ̀. Lójú ọpọlọ, abẹ́ ibi tó fẹ̀ ní mílímítà 3 lójú méjèèjì ni ọ̀kẹ́ àìmọye sẹ́ẹ̀lì wà. Ẹ kò lè fi irú gègé bẹ́ẹ̀ ya ojú ènìyàn. Bí ó bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tí yóò fún yín ni àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ ńláńlá díẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìgbì náà gòkè kí ojú rẹ̀ lè kéré, egungun yóò gbé e mì, yóò sì gbóná. Òpò méjì yìí ni a wà láàárín wọn.

Àwọn kan ní Paris, ní Institut de la Vision, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹgbẹ́ Serge Picaud àti Mickael Tanter gbé iṣẹ́ wọn jáde ní 2023. Wọ́n mú jíìnì kan láti inú kòkòrò àìfojúrí E. coli, èyí tó ń ṣe ẹnu-ọ̀nà kan tó máa ń ṣí bí nǹkan bá ti tì í. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì tí kò lè ṣe ìpalára gbé jíìnì náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìríran tó wà nínú ọpọlọ eku. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wá ń gbọ́ràn sí ultrasound ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára tí wọ́n nílò kéré, wọ́n sì lè lo 15 megahertz, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.1 mílímítà. Eku náà tilẹ̀ kọ́ láti so ìgbì ultrasound náà pọ̀ mọ́ omi tí wọ́n fẹ́ fún un mu, bí ìgbà tí ó rí ìmọ́lẹ̀. Èrò àwọn olùwádìí yìí ni láti fi da ìríran padà, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì: a gbọ́dọ̀ ṣí egungun kúrò níbẹ̀, nítorí 15 megahertz kò lè la agbárí kọjá, a sì gbọ́dọ̀ yí jíìnì inú ọpọlọ padà. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn yóò dé sórí lọ́sàn-án kí ó ṣí i lálẹ́ mọ́ nìyẹn.

Bọ̀dé Ṣakí

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè. Ẹnì kan ní àdúgbò wa ní ẹ̀rọ scan oyún, ó sì ń sọ fún àwọn àgbàlagbà pé òun lè fi kan ojú wọn tàbí ẹ̀yìn orí wọn kí ìríran wọn lè jí. Owó ló ń gbà. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́? Àbí ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá?

Nọ́ọ̀sì Ojú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe lọ. Ẹ̀rọ scan oyún kò ní ìgbì tó lè la agbárí kọjá lọ bá ẹ̀yìn ọpọlọ ní ọ̀nà tí a ń sọ yìí, kò sì sí ohun tó wà lára rẹ̀ tó ń darí ìgbì sí ojú kan pàtó nínú orí. Owó wọn ni yóò lọ.

Ti ojú ló léwu jù. Ẹ̀rọ scan ojú wà lóòótọ́, a ń lò ó, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ yàtọ̀. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣàkóso oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn, gbà kí ẹ̀rọ scan tí wọ́n ń lò fún ara tó kù lo agbára tó tó 720 milliwatt lórí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lójú méjèèjì. Fún ojú, 50 péré ni. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìgbì lè ṣe ẹran ara léṣe, tí wọ́n ń pè ní mechanical index, kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.23 fún ojú, bẹ́ẹ̀ ni 1.9 ni fún ara yòókù. Ìdí ni pé lẹ́ńsì inú ẹyinjú kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ooru lọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ oyún lé ojú láìyí agbára rẹ̀ sílẹ̀ ń ṣe ohun tí kò yẹ.

Ẹ tún má ṣe da orúkọ pọ̀. Ultrasound tí a kó jọ sójú kan tún wà tí wọ́n ń fi ooru rẹ̀ jó ẹran ara nínú ọpọlọ, láti ìwọ̀n 55 dé 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní 2016 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ní ẹnu 1,024. Bí ẹ bá ka ìròyìn pé wọ́n ti ń fi focused ultrasound tọ́jú ọpọlọ nílé ìwòsàn, ti ìjóná yẹn ló pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín, ẹ ti wọn ìfúnpá inú ojú yín? Glaucoma máa ń rìn nínú ẹbí, kì í sì í dun ènìyàn kí ó tó gbé púpọ̀ lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 àti 2007, cataract ló fọ́ ojú jù, ní ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún, glaucoma ló sì tẹ̀ lé e, ní 16.7. Cataract ṣeé yọ, ìríran sì ń padà. Ti glaucoma, ohun tó ti lọ kì í padà, ṣùgbọ́n oògùn tí a ń kán sójú lójoojúmọ́ lè dáàbò bo èyí tó kù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Bàbá Kékeré kọ̀ọ̀kan lọ ṣe àyẹ̀wò. A kò lè fi èyí dúró de ìwádìí kankan ní London tàbí Paris.

Àdùnní Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an, mọ̀mọ́. A ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti ka gbogbo èsì sí Bàbá Kékeré létí. Ó ní kí n béèrè ìbéèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ yín: bí ìròyìn mìíràn bá tún dé, kí ni kí òun máa wò nínú rẹ̀ tí yóò fi mọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni?

Onímọ̀ Etí, Leeds

Ẹ bá mi kí bàbá. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn olùwádìí bo etí àwọn tí wọ́n kàn, tàbí bóyá wọ́n rí èsì kan náà lára ẹni tí kò gbọ́ràn rárá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wò ó bóyá afọ́jú wà nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Iṣẹ́ tí a ti sọ̀rọ̀ lé lórí lókè yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àwọn tó ríran tán. Àwọn tí a bí ní afọ́jú tún yàtọ̀ sí bàbá, nítorí pé ẹ̀yìn ọpọlọ wọn ti gba iṣẹ́ mìíràn. Ó ń bá wọn fi ọwọ́ ka ìwé Braille. Bàbá ti ríran rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí dára fún un.

Ọmọ Físíìsì

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí etí kò lè fara wé kún un. Ẹ̀yìn ọpọlọ ní àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń rí ohun tó wà lápá òsì wa, apá òkè V1 ló sì ń rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ohun tí Brindley àti Lewin rí lára obìnrin tí glaucoma gba ojú rẹ̀ nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ náà ń tẹ̀ lé electrode. Nítorí náà, kí bàbá wá ìwádìí tí wọ́n ti gbé ojú ìgbì náà láti ibì kan sí ibòmíràn nínú V1, tí ẹni tí kò ríran, tí kò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí, sì nawọ́ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sí, tí ó sì bá àwòrán ilẹ̀ náà mu lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n bá gbé e sí ọ̀tún tí ó tọ́ka sí òsì, tí wọ́n gbé e sókè tí ó tọ́ka sísàlẹ̀, kò sí ohùn tín-ín-rín kankan nínú egungun tó lè fa irú ìyẹn. Apá púpọ̀ nínú V1 wà nínú kòtò tó jìn sáàárín apá ọpọlọ méjèèjì, nítorí náà ẹ̀rọ tó ní ẹnu púpọ̀ bíi ti London ni n óò máa ṣọ́, ju ẹ̀rọ tó ní ẹnu kan ṣoṣo lọ.